Oúnjẹ ń fa ṣúgà wálẹ̀, oògùn náà ń fà á wálẹ̀

Láàárín Ìfàkì sí Ọ̀yẹ́ ni ojú mi ti kọ́kọ́ ṣú. Òwúrọ̀ Sátidé kan ni, nínú oṣù Kẹjọ ọdún 2022. Mò ń lọ sí Ìkọ̀lé lọ kí màmá mi, torí iṣu tuntun ti jáde. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ni mo jókòó sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Òógùn tútù bò mí lọ́rùn, ọwọ́ mi ń gbọ̀n débi pé n kò lè di báàgì mi mú mọ́, àwọn igi ẹ̀bá ọ̀nà sì ń di méjì méjì lójú mi. Obìnrin tó jókòó tì mí bi mí ní nǹkan. Mo gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n èsì tí mo fọ̀ kò bá ìbéèrè rẹ̀ tan rárá. Ìgbà tó yá, mo gbọ́ tó ń pariwo mọ́ dẹ́rẹ́bà pé kó dúró.

Ọkọ obìnrin náà ní àtọ̀gbẹ, ohun tó kó mi yọ nìyẹn. Ó fọwọ́ kan ọrùn mi, ó ní òógùn yìí kì í ṣe ti ooru. Ó ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan lọ́wọ́ ọmọ tó ń kiri, ó sì ń fún mi mu díẹ̀díẹ̀ bí mo ṣe ń gbé e mì. Ọpẹ́ ni pé mo ṣì lè gbé nǹkan mì. Dókítà sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ká ní mo ti dákú pátápátá ni, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ da nǹkan sí mi lẹ́nu, torí ó lè gba ọ̀nà èémí lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ilé ìwòsàn ló yẹ kí wọ́n máa gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ sáré lọ.

Ilé ìwòsàn náà ni wọ́n gbé mi lọ. Lẹ́yìn odindi ìgò ọtí dídùn kan, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ mi ṣì jẹ́ 52 mg/dL. Bó bá ti wà nísàlẹ̀ 70, ó ti kéré jù. Wọ́n fi omi ṣúgà sí mi lójú iṣan, nígbà tí ara mi sì balẹ̀, dókítà fa àga jókòó, ó ní kí ni mo jẹ láàárọ̀. Mo ní ẹyin méjì àti píà. Lálẹ́ àná ńkọ́? Ẹja àti ẹ̀fọ́. Kò sí nǹkan mìíràn? Kò sí. Oògùn wo ni mò ń lò? Mo kó páálí oògùn mi jáde. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó gbé e kalẹ̀, ó ní, "Mà, ta ló ní kẹ́ ẹ máa lo èyí pẹ̀lú irú oúnjẹ yẹn?"

Ìbéèrè yẹn kò tíì kúrò létí mi títí di òní.

Ọdún 2019 ni wọ́n sọ fún mi pé mo ní àtọ̀gbẹ, irú èyí tó máa ń bá àgbàlagbà. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélógójì ni mí nígbà náà, mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Adó-Èkìtì. Oríṣi oògùn méjì ni wọ́n kọ fún mi, metformin àti glimepiride. Wọ́n ní kí n ṣọ́ oúnjẹ jẹ. Bí a ṣe ń ṣọ́ oúnjẹ jẹ gan-an, kò sẹ́ni tó jókòó ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Ìwé pélébé kan ni wọ́n fún mi, wọ́n kọ àlìkámà àti ewédú síbẹ̀, wọ́n sì kọ iyán sí ìsàlẹ̀, wọ́n fa ìlà gbọọrọ lé e lórí.

Ẹ wo ọmọ Èkìtì tí wọ́n ní kó má jẹ iyán mọ́. Nílé bàbá mi n'Ìkọ̀lé, ìró odó ni aago wa. Bí àlejò bá dé, tí a fún un ní ìrẹsì, màmá mi á ní a kò tíì fún un lóúnjẹ. "Uyán" ló ń pè é, bí àwọn àgbà wa ṣe ń pè é, kò sì sí ayẹyẹ kan nínú ìdílé wa tí kì í bẹ̀rẹ̀ nídìí odó. Nítorí náà, mo ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣe: mo ń lo oògùn, mo sì ń jẹ iyán mi bí mo ṣe ń jẹ ẹ́ tẹ́lẹ̀. Láàárọ̀, kí n tó fi nǹkan kan ẹnu, ṣúgà mi á jẹ́ 180, nígbà mìíràn 210. Kílò 94 ni mo wọ̀n. Ẹsẹ̀ ń dùn mí bí mo bá dúró kọ́ kíláàsì méjì léraléra.

Olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan ló sọ̀rọ̀ ọ̀nà ìjẹun kan tí wọ́n ń pè ní keto fún mi. Òun náà ti fọn díẹ̀, aṣọ rẹ̀ ń ṣí lára rẹ̀, gbogbo wa ló ń bi í léèrè àṣírí rẹ̀. Ó fà mí wọ ẹgbẹ́ kan lórí WhatsApp, níbi tí a ti san owó ìforúkọsílẹ̀, tí wọ́n sì fi òfin ránṣẹ́ sí wa. Kò sí iṣu, kò sí gààrí, kò sí ìrẹsì, búrẹ́dì, ẹ̀wà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí ọsàn. Ẹyin ni, ẹran, ẹja tòun ti awọ rẹ̀, píà, epo àgbọn, àti ẹ̀fọ́ ewé. Oúnjẹ afáralókun, ìyẹn èyí tó ń di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀ bí iṣu àti ìrẹsì, kò gbọdọ̀ ju 20 gíráàmù lọ lójúmọ́. Kó lè yé yín: iṣu sísè tó wọn 100 gíráàmù, ìyẹn ègé kékeré kan péré, ní nǹkan bíi 27 gíráàmù nínú. Ègé kan ti kọjá òfin ọjọ́ kan. Ní ti òkèlè, wọ́n ní ká lọ kábéèjì, ká rò ó lórí iná, ká fi jẹ ọbẹ̀. Mo ṣe é. Mo jẹ kábéèjì pẹ̀lú ẹ̀gúsí onísápá, mo sì gbà á lóúnjẹ, torí mo fẹ́ yè.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kílò mẹ́rin lọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run ní gbangba nílé ìjọsìn. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé omi ló pọ̀ jù nínú kílò mẹ́rin yẹn. Ara máa ń kó ṣúgà díẹ̀ pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀ àti iṣan, gíráàmù kọ̀ọ̀kan rẹ̀ sì máa ń di omi bíi gíráàmù mẹ́ta mú sára. Bí iṣu àti gààrí kò bá wọlé mọ́, ara á lo èyí tó pamọ́, omi tó dì mú á sì bá ìtọ̀ jáde. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń tọ̀ lemọ́lemọ́, tí orí ń fọ́ mi, tí iṣan ẹsẹ̀ sì ń fà mí lóru. Ẹni tó bá padà sídìí iyán lọ́sẹ̀ kejì á rí i pé kílò mẹ́ta ti padà wálé lọ́jọ́ méjì.

Ṣùgbọ́n ṣúgà mi já lóòótọ́, n kò sì ní í purọ́ mọ́ oúnjẹ náà. Láti 205, ó bọ́ sí 140. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, 96. Láti ọdún 2019, n kò tíì rí irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ lójú ẹ̀rọ mi rí. Ebi kì í pa mí bíi ti tẹ́lẹ̀. Orúnkún mi fúyẹ́. Mo ya fọ́tò ẹ̀rọ náà, mo fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́, gbogbo wọn ń kí mi kú oríire.

Níbi tí ó ti ń ṣiṣẹ́ yẹn gan-an ni ewu wà. Glimepiride kì í wo ẹnu ẹni kó tó ṣiṣẹ́. Bó bá ti wọ ara, ó máa ń ti ara pé kó da insulin, èròjà ara tó ń fa ṣúgà wálẹ̀, sínú ẹ̀jẹ̀, yálà èèyàn jẹ iyán tàbí èèyàn jẹ ẹyin. Iyán ni wọ́n wò nígbà tí wọ́n ń wọn oògùn náà fún mi. Mo yọ iyán kúrò, mo fi oògùn sílẹ̀ bó ṣe wà. Oúnjẹ ń fa ṣúgà wálẹ̀ lápá kan, oògùn ń fà á wálẹ̀ lápá kejì, èmi sì wà láàárín, mò ń dúpẹ́. Metformin nìkan kì í sábà já ṣúgà débi tó lè pa èèyàn lára. Glimepiride, glibenclamide tí ọ̀pọ̀ àwọn àgbà wa ń lò, àti abẹ́rẹ́ insulin, àwọn wọ̀nyí ni a kò gbọdọ̀ lò pọ̀ mọ́ irú oúnjẹ tuntun bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé dókítà mọ̀ sí i.

Ara mi kìlọ̀ fún mi. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ní nǹkan bí agogo mọ́kànlá àárọ̀, mo ń kọ̀wé sójú pátákó, ọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, n kò rántí ohun tí mo fẹ́ kọ. Mo jókòó, ó lọ. Ó tún ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Mo béèrè nínú ẹgbẹ́. Ẹni tó ń darí wa fèsì pé májèlé ló ń jáde lára mi, pé kí n má bẹ̀rù, kí n má sì lọ sọ fún dókítà kankan, torí àwọn dókítà kì í fẹ́ kí aláìsàn bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ìbínú ọ̀rọ̀ yẹn ṣì wà nínú mi. Kò sí májèlé kankan tó ń jáde. Ọpọlọ mi ló ń wá ṣúgà tí kò rí.

Èmi náà gbà á gbọ́ nítorí pé ó rọrùn láti gbà gbọ́. Oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni mo máa ń lọ sí ilé ìwòsàn, màá sì dúró láti àárọ̀ di ọ̀sán kí ó tó kàn mí, kí wọ́n tó bá mi wí pé mo sanra. Nínú ẹgbẹ́ yẹn, ẹnìkan ń kí mi láràárọ̀.

Lẹ́yìn ọ̀ràn Ọ̀yẹ́ yìí ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tó yẹ kí n ti kà ṣáájú. Ọdún 1921 ni wọ́n gbé keto kalẹ̀ ní Mayo Clinic, l'Amẹ́ríkà. Dókítà Russell Wilder ló dá a lábàá, fún àwọn tó ní wárápá. Títí di òní, wọ́n ṣì ń lò ó fún àwọn ọmọ tí oògùn kò ran wárápá wọn. Wọ́n máa ń wọn oúnjẹ náà lórí òṣùwọ̀n ni, wọ́n á máa yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ ọmọ náà wò, wọ́n á ṣọ́ kíndìnrín rẹ̀ kí òkúta má bàa hù níbẹ̀. Oúnjẹ ilé ìwòsàn ni. Àwa Yorùbá ló ní iyán loúnjẹ, ọkà loògùn. A ti mọ̀ tipẹ́ pé oúnjẹ lè jẹ́ oògùn, kò sì sí oògùn tí a kì í béèrè ìlò rẹ̀.

Ìwádìí kan tó tún yà mí lẹ́nu ni èyí tí wọ́n ń pè ní DiRECT, tí wọ́n ṣe ní Scotland àti apá àríwá England, tí àbájáde rẹ̀ jáde lópin ọdún 2017. Àwọn tó ní àtọ̀gbẹ bíi tèmi, tí kò tíì ju ọdún mẹ́fà lọ lára wọn, ni wọ́n fún ní oúnjẹ tó kéré gan-an, bíi kálórì 850 lójúmọ́, fún oṣù mẹ́ta sí márùn-ún. Nígbà tí ọdún kan pé, 46 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni ṣúgà wọn ti padà sípò láìlo oògùn. Omi bọ́ lójú mi nígbà tí mo kà á, torí ìrètí ni fún irú wa. Mo wá ka ìlà tó tẹ̀ lé e: ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ yẹn gan-an ni àwọn dókítà dá oògùn ṣúgà wọn dúró, àti ti ẹ̀jẹ̀ ríru pẹ̀lú. Ọjọ́ kìn-ín-ní. Èmi lo tèmi fún ọ̀sẹ̀ méje gbáko láìyẹ̀ ẹ́ rárá.

Ohun tí keto tún fi ṣe mí, mo lè sọ ọ́ ní kúkúrú. Ọjọ́ mẹ́rin máa ń kọjá kí n tó yàgbẹ́, torí oúnjẹ tí kò ní ẹ̀wà tàbí èso kì í sábà ní okun oúnjẹ (fáíbà) tó pọ̀ tó láti ti ìgbẹ́ jáde. Ẹnu mi ń rùn bí èso tó ti kẹ̀. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, ọ̀rá burúkú tí wọ́n ń pè ní LDL ti lọ sókè. Ó máa ń rí bẹ́ẹ̀ lára àwọn kan, kì í ṣe gbogbo èèyàn. Dókítà tún sọ fún mi pé kéèyàn máa fọn kíákíá lè mú kí òkúta hù nínú òróòro.

Àbúrò mi obìnrin gba ọ̀nà mìíràn. Òun ní òun kò jẹ ohun ẹlẹ́mìí mọ́, ẹran, ẹja, ẹyin, wàrà, gbogbo rẹ̀ ló yọ kúrò. Ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ rọlẹ̀, ó sì ń jẹ ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ tí èmi ìbá máa jẹ. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kú tipiri, tí ó ń rìn bí ẹni tó wọ ìbọ̀sẹ̀ onírun. Fítámì B12 ló tán lára rẹ̀. Ní ti oúnjẹ, inú ohun ẹlẹ́mìí ni a ti sábà ń rí fítámì yìí. Ewé, iṣu àti ẹ̀wà kò ní in. Òun náà ń lo metformin, èyí tó máa ń dí ara lọ́wọ́ láti gba B12 dáadáa. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé kó máa lo oníhóró rẹ̀. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n wá ń gún un, ẹsẹ̀ kan sì tún ń kú díẹ̀díẹ̀.

Ààwẹ̀ náà ńkọ́? Ní oṣù Kìn-ín-ní, ọjọ́ mọ́kànlélógún ni ọ̀pọ̀ ìjọ wa máa ń gbà, àwọn mìíràn á gba ààwẹ̀ gbígbẹ tí kò ní omi nínú. Èmi kì í sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó má gbààwẹ̀. Àmọ́ mo ti lọ bá ìyàwó pásítọ̀ wa, mo ní ká máa kéde rẹ̀ kí ààwẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, pé kí ẹni tó ń lo oògùn ṣúgà lọ rí dókítà rẹ̀ ná. Ó gbà. Ọdún méjì rèé tí wọ́n ti ń kéde rẹ̀.

Nísinsìnyí, mo jẹ iyán. Mo fẹ́ kí èyí hàn gbangba, torí àwọn èèyàn rò pé mo ti kọ̀ ọ́. Onímọ̀ nípa oúnjẹ kan ní ilé ìwòsàn tí mò ń lọ báyìí ló ní kí n gbé abọ́ tí mo fi ń jẹun nílé wá. Ó wọn iyán sínú rẹ̀ lójú mi, kò ju ìkúùkù mi lọ. Ẹ̀fọ́ ni kó gba ìdajì abọ́, ẹja tàbí ẹran gba ìyókù. Ọ̀sán ni mo máa ń jẹ ẹ́, n kì í jẹ ẹ́ lóru. Mo máa ń kọ́kọ́ jẹ ẹ̀fọ́ àti ẹja díẹ̀ kí n tó bu òkèlè, ẹ̀rọ mi sì máa ń sọ fún mi pé ó yàtọ̀ sí ọjọ́ tí mo bá fi òkèlè bẹ̀rẹ̀. Ó tún là mí lójú sí nǹkan kan tí ó ń pa ọ̀pọ̀ wa lára: àlìkámà, láfún àti ọkà ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú, afáralókun ni gbogbo wọn. Ẹni tó sá fún iyán tó lọ ń jẹ òkìtì àlìkámà, ṣúgà rẹ̀ á gòkè náà.

Ó fi ìwádìí kan hàn mí tí wọ́n ṣe ní Stanford, tó jáde lọ́dún 2018. Èèyàn 609 tí kò ní àtọ̀gbẹ ni; wọ́n ní kí apá kan dín ọ̀rá kù, kí apá kejì dín afáralókun kù. Lẹ́yìn ọdún kan, àwọn ti àkọ́kọ́ fi bíi kílò 5.3 fọn, àwọn ti èkejì fi bíi 6. Kò sí ìyàtọ̀ gidi. Ó ní èyí tí mo bá lè máa jẹ títí ayé ni kí n mú. Mo wọn kílò 83 báyìí. Ọdún méjì ni mo fi dé ibẹ̀, kì í ṣe oṣù méjì. Wọ́n ti yọ glimepiride kúrò, metformin nìkan ló kù. Ṣúgà mi láàárọ̀ máa ń wà láàárín 110 sí 130.

Màmá mi ló ṣòro jù láti yí lọ́kàn padà. Ní Èkìtì, bí ọmọ ẹni bá fọn, ẹ̀rù àìsàn ni, wọn kì í kí i kú oríire. Nígbà tí mo dé Ìkọ̀lé lẹ́yìn tí wọ́n dá mi sílẹ̀ nílé ìwòsàn, ó gbá mi lójú mú, ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, ta ló ń febi pa ọ́ l'Ádó?" Mo ṣàlàyé fún un títí ilẹ̀ fi ṣú. Ohun tó yé e ni ọ̀rọ̀ oògùn. Ó ní, "O wá dín ẹrù kù lórí ẹṣin, o sì tún ń nà án bíi ti tẹ́lẹ̀." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Láti ìgbà náà, òun fúnra rẹ̀ ló ń bu iyán tèmi sọ́tọ̀, á sì fi ẹja méjì lé e kí ó má baà dà bí ẹni pé ó ṣahun sí mi.

Mo kọ gbogbo èyí sínú ẹgbẹ́ WhatsApp náà lọ́jọ́ tí mo padà sí Adó. Wọ́n yọ mí kúrò láàárín wákàtí kan. Ṣùgbọ́n àwọn kan ti kà á. Mọ́kànlá ló kọ̀wé sí mi níkọ̀kọ̀, ohun tí mo sì ń béèrè lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan kò ju ẹyọ kan lọ: oògùn wo lẹ ń lò? Obìnrin kan láti Ìkẹ́rẹ́ ya fọ́tò páálí tirẹ̀ ránṣẹ́. Glibenclamide ni. Mo bi í bóyá ọwọ́ rẹ̀ máa ń gbọ̀n lọ́sàn-án. Ó ní ó ti tó ọjọ́ mẹ́fà tó ti ń gbọ̀n, pé wọ́n sọ fún òun pé májèlé ló ń jáde. Mo ní kó jẹ nǹkan aládùn lójú ẹsẹ̀, kó sì dé ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Nírọ̀lẹ́ ó pè mí, ó ní wọ́n wọn ṣúgà òun, 61 ni, wọ́n sì ti dá oògùn náà dúró.